Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín: kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni kò sí níbẹ̀?

Ẹ jókòó síwájú ilé kánsẹ́lọ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí ohun tí àwa ará ìlú sọ iṣẹ́ náà dà. Ẹnì kan wá tọrọ owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹlòmíràn fẹ́ kí Ọnọ́rébù bá òun pe DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, torí wọ́n ti àbúrò òun mọ́lé lálẹ́ àná. Ìyá àgbà kan ní tiransifọ́mà àdúgbò àwọn ti jóná láti bí oṣù méjì. Àwọn ẹgbẹ́ kan mú káàdì ìnáwó dání, òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe bàbá ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo èrò tó tò síbẹ̀, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó máa béèrè pé, "Ọnọ́rébù, èló ni kánsù yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà lọ́dún yìí, ta ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló kan iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó kù, àánú ni bó bá ṣe é, kì í ṣe ojúṣe.

Aṣòfin ni kánsẹ́lọ̀. Bí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe wà sí gómìnà ni kánsẹ́lọ̀ ṣe wà sí alága ìjọba ìbílẹ̀. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣòfin tí kánsù fi ń ṣiṣẹ́, àwọn ló ń yẹ ìṣúná wò kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ló sì ń ṣọ́ alága àtàwọn òṣìṣẹ́ bóyá ohun tí wọ́n láwọn máa ṣe ni wọ́n ń ṣe. Kò sí àpò owó kan tí ìwé òfin ní kí wọ́n gbé lé kánsẹ́lọ̀ lọ́wọ́ pé kó fi tún wọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó gbẹ́ kànga, tó ra máṣíìnì ìránṣọ fún àwọn obìnrin àdúgbò, bóyá inú ìṣúná kánsù ni owó náà ti wá, bóyá owó oṣù tirẹ̀ ló fi ṣe é, bóyá sì ni ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ló gbé e fún un. Ó yẹ ká máa béèrè èwo ni, torí bí owó kánsù bá ni, kì í ṣe oore tó ń ṣe wá.

Inú abala keje ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin tó máa sọ bí kánsù ṣe máa rí, àwọn tó máa wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa rówó àti iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi ń yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ní Èkó, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dìbò kánsù: 2017, 2021, 2025. Ní Ọ̀yọ́, ọdún mẹ́ta ni: 2018, 2021, 2024. Ẹni tó bá ka òfin Èkó, kó má fi bá ará Ìbàdàn jà. Àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣètò ìbò yìí, kì í ṣe INEC tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, àfi ní Àbújá nìkan.

Kì í ṣe bó ṣe rí látilẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé òfin ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1952, àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ń yan alága láàárín ara wọn. Bí Adégòkè Adélabú ṣe di alága kánsù Ìbàdàn ní 1954 nìyẹn. Ní 1976, ìjọba ológun sọ ètò ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 1991, láyé Babangida, wọ́n ya alákòóso sọ́tọ̀ kúrò lára aṣòfin. Láti ìgbà náà, alága kì í jókòó láàárín àwọn kánsẹ́lọ̀ mọ́. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló ń dìbò fún un, wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń dìbò fún kánsẹ́lọ̀. Nítorí náà, alága kì í ṣe ọ̀gá kánsẹ́lọ̀. Ọ̀pọ̀ alága kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ náà kì í sì í rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ sẹkitéríàtì wò. Alága wà níbẹ̀ pẹ̀lú igbákejì rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ará ìlú dìbò yàn pọ̀. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ wà, alága ló yàn án. Olórí òṣìṣẹ́ wà, akápò wà, ẹnjiníà wà, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó ìlera wà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe olóṣèlú, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ló gbà wọ́n síṣẹ́, alága lọ ni, alága bọ̀ ni, wọ́n á ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ló wá kan àwọn tí a ń pè ní kánsẹ́lọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, torí oríṣi méjì ni wọ́n.

Ti àkọ́kọ́ ni kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù, ẹni tí ẹ tẹ̀ka fún. Èkejì ni kánsẹ́lọ̀ alábòójútó, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní súpáfáísọ̀. Alága ló ń yan súpáfáísọ̀, kò sẹ́ni tó dìbò fún un, ẹ̀ka kan ni wọ́n sì máa ń fi sábẹ́ rẹ̀: ètò ẹ̀kọ́, iṣẹ́ òde, ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí kọmíṣánnà ṣe rí sí gómìnà, bẹ́ẹ̀ ló rí sí alága. Àwọn kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ló máa ń yẹ orúkọ rẹ̀ wò kó tó wọlé. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ Ọnọ́rébù, àwọn méjèèjì ń wọ agbádá, wọ́n sì jọ ń jókòó lórí ìjókòó iwájú níbi ìnáwó. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún òrùlé sẹ́ńtà ìlera ṣe kíákíá, ọ̀dọ̀ súpáfáísọ̀ ìlera ni iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, tó fẹ́ mọ iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó jẹ, ọ̀dọ̀ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ni kó lọ. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ni súpáfáísọ̀, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù sì ni olùṣọ́.

Ilé aṣòfin kánsù kì í tóbi. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni lọ́pọ̀ ibi, kánsẹ́lọ̀ bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àga gíga kan níwájú fún olórí ilé, akọ̀wé ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sí, ọ̀pá àṣẹ lórí tábìlì. Bí ọ̀pá àṣẹ ò bá sí lórí tábìlì, ìjókòó ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé àbádòfin wá, wọ́n á kà á nígbà àkọ́kọ́ kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ó wà, wọ́n á jíròrò lé e lórí nígbà kejì, wọ́n á fà á fún ìgbìmọ̀ kékeré kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó kà á nígbà kẹta. Lẹ́yìn náà ni alága á fọwọ́ sí i. Òfin ìbílẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì rú u láàárín ìjọba ìbílẹ̀ náà, wọ́n lè gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n òfin kánsù kò gbọ́dọ̀ ta ko òfin ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀. Bó bá ta kò ó, ti òkè ló borí.

Ibi tí òfin ìbílẹ̀ ti ń kan èèyàn jù lọ ni ọjà. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún ìyá alátàrodo láàárọ̀. Tó bá jẹ́ ti kánsù lóòótọ́, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ á wà lókè rẹ̀, wọ́n á tẹ iye owó sí i lára, kì í ṣe kí wọ́n fi báírò kọ ọ́, ohun tí owó náà wà fún á wà níbẹ̀, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì náà á sì wà, kí akápò lè fi ṣírò iye tí wọ́n já. Lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ó yẹ kí òfin ìbílẹ̀ kan wà tí àwọn kánsẹ́lọ̀ jókòó ṣe, tó sọ pé iye báyìí ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Òfin kan ti ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1998 to àwọn owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ: owó ọjà, àfi ọjà tí owó ìjọba ìpínlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósìkì, owó odò ẹran, owó páàkì, ìwé àṣẹ ọtí títà, kódà owó tí ẹ máa san bẹ́ ẹ bá fẹ́ dí títì nítorí ìnáwó. Òfin náà sì kà á léèwọ̀ kí wọ́n gbé igi dínà láti fi gba owó. Owó tí àgbèrò ń gbà lójú títì, òun ò sí nínú ìwé yẹn, bó ti wù kó pariwo tó. Bẹ́ ẹ bá bi kánsẹ́lọ̀ yín pé, "Òfin wo lẹ fi ń gba owó yìí?", tí kò rí ìdáhùn, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà fún un.

Òfin ṣíṣe dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìṣúná ni agbára kánsẹ́lọ̀ wà. Lọ́dọọdún, alága á gbé àbá ìṣúná wá síwájú ilé. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ló máa sọ pé kí wọ́n dín èyí kù, kí wọ́n fi kún tọ̀hún, kí wọ́n tó sọ ọ́ dòfin. Ohun tí kò bá sí nínú ìṣúná, kò yẹ kí alága náwó lé e. Ẹ jẹ́ ká mú gọ́tà kan, ká wo ọ̀nà tó máa gbà.

Gọ́tà àdúgbò kan dí, afárá kékeré tó wà lórí rẹ̀ ti wó sínú rẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀, omi á wọlé àwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé kọ lẹ́tà sí kánsẹ́lọ̀ wọn. Kánsẹ́lọ̀ gbé àbá dìde nílé pé kí kánsù tún ibẹ̀ ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì í lẹ́yìn, ó di ìpinnu ilé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé e sórí Facebook, gbogbo wa tẹ "Ọnọ́rébù tiwa ni". Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gọ́tà máa ń kú sí. Ìpinnu ilé kì í ṣe àṣẹ. Ìmọ̀ràn ni fún alága, kò sì sí ohun tó máa ṣe é bó bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ohun tó ń sọ ìpinnu di gọ́tà ni kí ẹnjiníà kánsù lọ wọn ibẹ̀, kó kọ iye tó máa jẹ sílẹ̀, kí iye yẹn sì wọ ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ pẹ̀lú orúkọ àdúgbò náà. Kì í ṣe "àtúnṣe gọ́tà káàkiri", torí káàkiri kì í ní àdírẹ́ẹ̀sì. Oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ìgbà tó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn onílé máa lọ kí kánsẹ́lọ̀ ni nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, nígbà tí ojú omi náà ṣì hàn lára ògiri. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹta kó tó kọ lẹ́tà, wọ́n ti pín owó ọdún yẹn tán.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ti ìṣọ́. Ìgbìmọ̀ iṣẹ́ òde ilé lè lọ wo gọ́tà náà, wọ́n lè pe súpáfáísọ̀, ẹnjiníà tàbí akápò wá síwájú wọn láti ṣàlàyé, wọ́n lè ní kí wọ́n kó ìwé owó wá. Yàtọ̀ sí èyí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ayẹ̀wé-owó-wò àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀, tó ń wo ìwé gbogbo kánsù, tó sì ń gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ síwájú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìwé yẹn máa ń pẹ́ kó tó jáde, iṣẹ́ ti bà jẹ́ kí wọ́n tó kà á. Kánsẹ́lọ̀ ló wà nítòsí. Bí alága bá wá hùwà tó burú jù, àwọn kánsẹ́lọ̀ lè yọ ọ́ nípò. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un láyè láti wí tẹnu rẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ tí kánsù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe, tí kánsẹ́lọ̀ ń ṣọ́? Ó wà nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin. Àwọn kan tí ẹ mọ̀ wà níbẹ̀: ọjà, páàkì, odò ẹran, ìtẹ́ òkú, ọ̀nà àdúgbò àti iná ojú títì, gọ́tà, ìdọ̀tí kíkó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò. Àwọn míì máa yà yín lẹ́nu. Kánsù ló ni ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere, bárò, ọmọlanke àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Òun ló ń sọ òpópónà lórúkọ, tó sì ń kọ nọ́ńbà sára ilé. Òun ló yẹ kó mójú tó búkà, ilé búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ àti ilé ọtí. Ajá yín pàápàá wà nínú ìwé náà, torí àti títọ́jú ẹran ọ̀sìn inú ilé àti bó ṣe ń rìn káàkiri, kánsù ló ń ṣètò rẹ̀. Wolé-wolé tí àwọn ìyá wa máa ń sá fún láyé ọjọ́sí, tó ń yọjú wo inú àmù bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ irú ìjọba yìí ni. Mo rò pé ó tọ́ ká bi àwọn kánsẹ́lọ̀ wa léèrè ibi tí àwọn wolé-wolé náà gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí kánsù àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ ń ṣe: ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ SUBEB ló ń gba tíṣà tó sì ń gbé wọn láti ibì kan sí ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú owó kánsù ni owó oṣù wọn ti ń jáde. Bí tíṣà ò bá tó nílé-ìwé àdúgbò yín, kánsẹ́lọ̀ lè pariwo, kò lè gba ẹnikẹ́ni.

Àwọn nǹkan wà tí kò kàn án rárá. Ọ̀nà ńlá tó ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Iná mànàmáná, ti ilé-iṣẹ́ tó ń pín in ni. Ọlọ́pàá, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n wà, kánsẹ́lọ̀ ò lè pàṣẹ fún DPO. Bí Ọnọ́rébù bá ṣèlérí tiransifọ́mà nígbà ìpolongo, ẹ bi í bóyá ó ti ka ìwé iṣẹ́ tó ń wá.

Ìwé ọjọ́ ìbí máa ń da àwọn òbí láàmú. Ẹ gba ti kánsù, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe pásípọ́ọ̀tù, wọ́n ní ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn làwọn fẹ́. Kì í ṣe pé kánsù lu yín ní jìbìtì. Ìwé òfin kan náà ló fún àwọn méjèèjì níṣẹ́: Àfikún Kẹrin ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa kọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀, Àfikún Kẹta ní kí Àjọ Ìkànìyàn máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Kò sẹ́ni tó yanjú rẹ̀ pátápátá, nítorí náà, bí ọmọ bá délẹ̀, ẹ wá ti Àjọ Ìkànìyàn gbà. Owó ilé, tí wọ́n ń pè ní owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì, náà tún dojú rú. Iṣẹ́ kánsù ni láti díye lé ilé kí wọ́n lè gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Èkó, láti 2001, wọ́n ti da á pọ̀ mọ́ àwọn owó míì di ẹyọ kan tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni ìgbowó náà wà. Onílé ní Èkó tí ẹnì kan bá tún kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ pé kó wá san owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì lẹ́yìn tó ti san ìyẹn, kó rọra béèrè ìwé àṣẹ ọ̀gbẹ́ni náà.

Ó kù sí owó. Nínú owó tí orílẹ̀-èdè ń pín lóṣooṣù, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20.60. Ṣùgbọ́n abala 162 ìwé òfin ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ wọ àpò àjọni kan tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà, owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àti ti àwọn lọ́balọ́ba kí ìyókù tó dé ọ̀dọ̀ alága. Ohun tó ń dé ibẹ̀ lóṣù míì, kò tó san owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn alága fi ń sọ pé gómìnà ló há owó àwọn mọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì di ibi ìsádi fún ọ̀lẹ àti aláápọn pa pọ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36. Wọ́n ní gómìnà ò láṣẹ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́dọ̀ kánsù, àti pé kánsù tí ará ìlú ò dìbò yàn kò bá òfin mu. Títí di 2025, ètò láti san owó náà tààrà ṣì ń fà nílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ náà ti sọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nípa Ọ̀yọ́. Wọ́n tú àwọn kánsù tí wọ́n dìbò yàn ní 2018 ká ní oṣù karùn-ún 2019, nígbà tó di oṣù karùn-ún 2021, ilé-ẹjọ́ ní kò bófin mu, wọ́n sì ní kí ìjọba san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún kánsẹ́lọ̀ yín ni pé gómìnà ò lè jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó lé e kúrò. Ẹ̀rù tó ń bà á, ibòmíràn ló ti ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní abẹ́ LCDA, ìyẹn àwọn kánsù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín tún ní ìkórítà kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè mọ̀, Èkó ní 20 nínú rẹ̀. Èkó dá 37 míì sílẹ̀ ní 2003. Ìjọba àpapọ̀ torí ìyẹn di owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú, ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì ní ìpínlẹ̀ láṣẹ láti dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fi orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Wọ́n tún sọ pé ààrẹ kò láṣẹ láti di owó náà mú. Nítorí náà, kánsẹ́lọ̀ LCDA ń ṣe iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀, òfin Èkó mọ̀ ọ́n, ìbò ló gbé e wọlé, ṣùgbọ́n inú owó tó wà fún ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni wọ́n ti ń bu tiwọn.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ kì í wá lo ẹnu tí òfin fún wọn? Àwọn tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ òṣèlú lé wọn lọ́wọ́ náà ló fi ti alága lé e lọ́wọ́. Nígbà míì, gbogbo wọn ló ti inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo wá, kò sí alátakò kankan nílé. Owó ìjókòó, mọ́tò, ọ́fíìsì, owó tí ilé fi ń ra bébà, alága ló ń fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ẹni tó bá bi alága ní ìbéèrè lónìí lè má rí owó ìjókòó gbà lọ́la, wọ́n sì lè fi orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ nígbà ìbò tó ń bọ̀. Mi ò fi èyí dá wọn láre. Ṣùgbọ́n àwa náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìbò kánsù ni ìbò tí a máa ń sùn sílé fún jù lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ìbò díẹ̀ ló ń gbé kánsẹ́lọ̀ wọlé ní wọ́ọ̀dù kan, débi pé ìdílé ńlá kan pẹ̀lú àwọn ayálégbé wọn lè yí i padà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo kánsẹ́lọ̀ yín, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má kàn bá a sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé ilé fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan pé òun ti gbà á, ẹ mú ìyẹn lọ sílé. Ẹ béèrè ìgbà tí ilé máa ń jókòó, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú yín lọ jókòó lẹ́yìn. Kò sí ohun tó ń jí Ọnọ́rébù bíi kó rí ojú ará wọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ẹ ní kó fi apá tó kan wọ́ọ̀dù yín hàn yín nínú ìṣúná. Ìwé yẹn kì í ṣe ohun àṣírí: òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí tó fi ń béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti dáhùn. Fún ìgbà pípẹ́ làwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn kò de àwọn. Ní 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó de ìpínlẹ̀, ó sì de ìjọba ìbílẹ̀ náà. Iye tó ń jáde fún kánsù kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé e jáde fún aráyé rí. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ mú un dání lọ sí ìjókòó náà.